Ọ̀dọ̀ Àwọn Ère: Ọgọ́rin Ọdún Mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́

Bí èèyàn bá wọ mọ́tò ní Òmù-Àrán, tó ní Èsìẹ́ lòun ń lọ, tí dẹ́rẹ́bà sì rí i pé àlejò ni, ohun tó máa bi í ni pé, "Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ère ni?" Ọ̀dọ̀. Kò sọ pé "ibi ère", kò sì sọ pé "ilé ère". Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹni tó wà láàyè ni, bí ẹni ń lọ sọ́dọ̀ àna tàbí sọ́dọ̀ baálé. Èmi fi ẹnu alákọ̀wé dá tèmi lóhùn, mo ní mùsíọ́ọ̀mù ni mò ń lọ. Ó wò mí nínú díńgí ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibì kan náà ni."

Ibì kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ti ń gbé pọ̀ láti 1945. Ní 2025 ni mùsíọ́ọ̀mù náà pé ọgọ́rin ọdún. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó ṣáájú ti Jọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣí ní 1952, ó ṣáájú ti Ilé-Ifẹ̀, ó sì ṣáájú ti Èkó tí wọ́n ṣí ní 1957. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ kì í gbà á bọ̀rọ̀. Báwo ni irú ọlá bẹ́ẹ̀ ṣe bọ́ sí ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láàárín àwọn èèyàn tí ìjọba ìgbà náà gbé lọ sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ Àríwá láì bi wọ́n?

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ náà sí rèé: àwọn tó dá ilé yìí sílẹ̀ fẹ́ ṣọ́ òkúta. Àwa Ìgbómìnà ń wá ẹni tí yóò bá wa ṣọ́ orúkọ. Iṣẹ́ méjèèjì máa ń pàdé nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Kí àlejò tó gbọ́ nípa wọn

Ìtàn Èsìẹ́ sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Baragbọn ló kọ́kọ́ bá àwọn ère náà pàdé nínú igbó. Ẹran ló ń wá lọ, ló bá já síbi tí ogunlọ́gọ̀ jókòó sí tí ẹnì kankan kò fọhùn. Ẹ fojú inú wò ó: tọkùnrin tobìnrin lórí àpótí, wọ́n kọjú síwájú, bí ìgbà tí àwọn ìjòyè ń dúró de ọba. Àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, pé ọ̀rọ̀ wọn àti ti onílẹ̀ kò wọ̀, ni wọ́n bá di òkúta. Ẹnu àwọn tó ń pa ìtàn náà kì í kò lórí ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Lórí pé èèyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di ère, kò sí ẹni tó ń jiyàn.

Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, débi pé ọṣẹ gan-an ni àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn kékeré inú wọn kò ju ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Èyí tó tóbi jù ga ju mítà kan lọ, òun sì ni wọ́n ń pè ní Ọba Ère. Iye wọn lé ní 800, bí a bá sì ka orí àti àfọ́kù mọ́ ọn, ó ju 1,000 lọ. Kò sí ibòmíràn láyé tí irú ère òkúta yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan.

Irun orí wọn nìkan tó ìran wò. Ẹni tó gbẹ́ wọn mọ irun dídì bí oníṣòwò irun ṣe mọ̀ ọ́n: ó di òmíràn sókè, ó pín òmíràn sí ìlà wẹ́wẹ́, ó sì dá òmíràn jọ bí adé. Ilà wà lójú àwọn kan. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, ó wà lọ́wọ́. Àwọn kan ń lu ohun èlò orin. Èyí tí mo pẹ́ jù níwájú wọn ni àwọn tó mú àdá lọ́wọ́, torí pé obìnrin wà nínú wọn, wọ́n jókòó pẹ̀lú àdá bí ẹni tó ní àṣẹ àtilò ó. Ìtàn Ìlá sì sọ pé inú ogbó, àdá Ọ̀rangún ọba Ìlá, ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde, ogbó tó mọ ọ̀nà, tó ń la igbó níwájú ẹni tó ni ín. N kò sọ pé èyí jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Àwọn tó fi ohun kékeré bẹ́ẹ̀ kọ ìwé ńlá nípa Èsìẹ́ ti pọ̀ tó. Mo kàn ní mo pẹ́ níbẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn Èsìẹ́. Wọn kò sọ pé baba wọn ló gbẹ́ ère wọ̀nyí. Wọ́n ní àwọn bá wọn níbẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń du ẹ̀tọ́ àgbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ wo bó ti ṣọ̀wọ́n tó pé kí ìlú kan ní ohun tí gbogbo ayé ń wò ní àwòyanu, kó sì sọ pé alágbàtọ́ lòun. Wọ́n yan àwòrò tì wọ́n, wọ́n ń bọ wọ́n, wọ́n ń ṣe ọdún wọn, wọ́n sì fi èèwọ̀ dáàbò bò wọ́n kí ọwọ́ má kàn wọ́n lásán. Kò sí ìjọba tó rán wọn níṣẹ́, kò sì sí ẹni tó sanwó oṣù fún wọn.

Ìlà kan tí wọ́n fà

Kò sí ẹni tó lè lóye ohun tí mùsíọ́ọ̀mù yìí jẹ́ fún wa láìmọ bí a ṣe di ẹ̀yà kékeré. Ìgbómìnà kò kéré láàárín ara wọn. Ìlà ló sọ wọ́n di kékeré.

Jálẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ogun Nupe, ti Ìlọrin àti ti Ìbàdàn ń kọjá lórí wa bí ẹni ń gba àgbàlá onílé kọjá. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìgbómìnà wà nínú Èkìtìparapọ̀. Ní February 1897, àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company gba Ìlọrin. Oṣù yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Benin, tí wọ́n jó ààfin, tí wọ́n sì kó ère idẹ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde Àríwá Nàìjíríà, ààlà sì gba àárín ilẹ̀ Ìgbómìnà kọjá. Ìlá tí Ọ̀rangún wà bọ́ sí Gúúsù. Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ṣààrẹ́ bọ́ sí Àríwá, wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ Ẹ́mírétì Ìlọrin.

Ẹni tó sùn ní ọmọ Yorùbá láàárín Yorùbá, nígbà tó jí, ó ti di ẹ̀yà díẹ̀ nínú agbègbè tí Hausa ti jẹ́ èdè àṣẹ. Ìbátan rẹ̀ tó wà ní Ìlá, tí wọ́n jọ ń kí oríkì kan náà, ti bọ́ sí abẹ́ òfin mìíràn, iléèwé mìíràn àti owó orí mìíràn. Àwọn tó fa ìlà náà kò kórìíra wa. N kò rò pé wọ́n mọ̀ pé a wà níbẹ̀.

Àwọn tíṣà, láti 1933 sí 1945

Tíṣà ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Èsìẹ́ jáde sí gbangba. Ní 1933, H. G. Ramshaw tó ń bojú tó iléèwé ìjọ CMS rí àwọn ère náà, ó sì ròyìn wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni J. D. Clarke, òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ tó fi Òmù-Àrán ṣe ibùjókòó. Ọkùnrin yìí ń dán ẹ̀kọ́ kan wò ní Òmù, ẹ̀kọ́ tó fi oko, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbé ayé ìlú ṣe ìpìlẹ̀, tí kò ní mú ọmọ kórìíra ilé baba rẹ̀ kó tó lè kàwé. Ìwé rẹ̀ lórí iléèwé náà jáde ní 1937, Omu: An African Experiment in Education. Ọdún yẹn kan náà ni F. de F. Daniel gbé ọ̀rọ̀ ère Èsìẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ nípa ìran ènìyàn ní London. Ní 1938, Clarke fúnra rẹ̀ kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn Nigeria.

Lójú mi, ìgbìyànjú Òmù yìí ni ètò ìjọba àkọ́kọ́ tó bi Ìgbómìnà Àríwá léèrè pé kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, dípò kí lẹ kò mọ̀. Kì í ṣe pé kò lábùkù. Àwọn òbí kan níbi gbogbo ní Áfíríkà nígbà náà fura sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣe torí kí ọmọ mi lè roko ni mo ṣe rán an lọ síléèwé, òun tó ti mọ oko tẹ́lẹ̀? Ìfura yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀wọ̀ fún oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ìlú ló lè dúró níwájú òkúta nínú igbó kó má pè é ní ohun ìbọ̀rìṣà tó yẹ ká fọ́.

Àwọn onímọ̀ ìgbà yẹn ní àléébù kan tó jọra wọn: bí nǹkan bá ti dára, wọ́n á wá baba fún un lókè òkun. Leo Frobenius rí orí idẹ àti amọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó ní Átíláńtíìsì ni, ìlú tí ìtàn àwọn Gíríìkì ní ó rì sínú òkun. Ojú kan náà ni wọ́n fi wo Great Zimbabwe, níbi tí ẹyẹ mẹ́jọ tí wọ́n fi òkúta ọṣẹ bíi ti Èsìẹ́ gbẹ́ wà. Wọ́n kó àwọn ẹyẹ náà lọ, Cecil Rhodes sì ra ọ̀kan sílé ara rẹ̀. Ó di 1981, lẹ́yìn òmìnira Zimbabwe, kí South Africa tó dá mélòó kan padà, kòkòrò inú mùsíọ́ọ̀mù, tí wọ́n ti pa tí wọ́n sì tò jọ, ni wọ́n sì fi pààrọ̀ wọn. Ẹyẹ tó jẹ́ àmì orílẹ̀-èdè, kòkòrò ni wọ́n fi rà á padà.

Ère Èsìẹ́ bọ́ lọ́wọ́ irú èyí nítorí pé wọ́n wúwo, nítorí pé igbó bò wọ́n, àti nítorí pé àwọn tó ń ṣọ́ wọn kò tà. Nígbà tó yá, wọ́n tún rí ẹnì kan tó dúró tì wọ́n. Kenneth Murray wá sí Nàìjíríà ní 1927 láti kọ́ ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ ọnà. Ben Enwonwu wà lára àwọn tó kọ́. Ọdún dé ọdún ló ń rí bí ère ṣe ń tinú ojúbọ bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò, tí wọ́n sì ń wọkọ̀ ojú omi lọ. Ó pariwo títí ìjọba fi fi í ṣe olùṣọ́ ohun àtijọ́ àkọ́kọ́ ní 1943. Èrò rẹ̀ rọrùn: ohun tó bá jẹ́ ti ìlú kan, kó dúró nílẹ̀ yìí, kó sì wà ní tòsí àwọn tó ni ín bó bá ṣeé ṣe.

Èsìẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ní 1945, ọdún tí ogun Hitler parí, tí owó ìjọba kò sì tó nǹkan, ilé dúró fún àwọn ère náà. Wọn kò kó wọn lọ sí Èkó, wọn kò kó wọn lọ sí Kàdúná tó jẹ́ olú ìlú Àríwá. Òrùlé ló wá bá ère. Ère kò lọ bá òrùlé.

Ẹ̀rù àwọn tí kò pọ̀

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1953, òfin àkọ́kọ́ lórí ohun àtijọ́ jáde, ó sì di dandan kí èèyàn gba ìwé àṣẹ kó tó kó wọn kúrò ní Nàìjíríà. Òfin náà dára. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní tòsí òkúta wọ̀nyí kò ní òfin kankan tó ń ṣọ́ àwọn fúnra wọn.

Àárín ọdún 1950 sí 1960 gbóná ní gbogbo agbègbè Ìlọrin. Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ dìde, wọ́n dara pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Josiah Sunday Ọláwọyin, ọmọ Ọ̀fà, ń sọ̀rọ̀ fún wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Àríwá. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí wọ́n yọ Ìlọrin àti Kabba kúrò ní Àríwá, kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn níbi tí ìbátan wọn wà. Ẹgbẹ́ NPC tó ń ṣèjọba Àríwá kọ̀ jálẹ̀, wọn kò ní fi ìlà náà sípò mìíràn.

Ní September 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan sábẹ́ Sir Henry Willink láti wádìí ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké kí òmìnira tó dé. Wọ́n rìn káàkiri, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà Niger Delta, ti àárín gbùngbùn Àríwá, àti ti àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kabba. Ìwé wọn jáde ní 1958. Wọn kò dá ìpínlẹ̀ tuntun kankan sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin ìlú, pé ìyẹn ni yóò dáàbò bo ẹni tí kò pọ̀. Orí ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn inú òfin Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti Ìgbómìnà, ìlà wà níbi tó wà.

Mo máa ń ro ó pé, ká ní ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yẹn yà sí Èsìẹ́ lọ́jọ́ kan, yóò rí àwọn èèyàn tí wọ́n fi òrùlé bo òkúta wọn, tí wọ́n sì fi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ sínú òjò. Ìjọba kan náà ló ṣe méjèèjì láàárín ọdún mẹ́tàlá.

Ẹni tó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan

Òmìnira dé. Láàárín àwọn ọdún 1960, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, tó wá pẹ̀lú Peace Corps, bá ẹ̀ka ohun àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ ní Èsìẹ́. Iṣẹ́ tó ṣe kò láriwo nínú: ó ka ère lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ̀n wọ́n, ó ya fọ́tò wọn, ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà. Ó kọ nípa irú wọn tó wà ní Ìjárá àti ní Ọ̀fàrò, tó fi hàn pé ohun tó bí ère wọ̀nyí tóbi ju ìlú kan lọ. Ní 1978, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwé rẹ̀ jáde, The Stone Images of Esie, Nigeria. Títí dòní, òun ni ìwé tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Èsìẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí. Bí ẹ bá rántí ohun tí mo sọ nípa ṣíṣọ́ orúkọ, ẹ wo ìwé yẹn: ère tí wọ́n ti kà, tí wọ́n sì ti ya fọ́tò rẹ̀, ó ti ṣòro fún olè láti sọ pé ilé ìyá òun lòun ti mú un wá.

Ta ló gbẹ́ wọn? Àwọn kan tọ́ka sí Ifẹ̀, àwọn kan sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn kan sí Nupe. Àwọn onímọ̀ kan fi ọjọ́ orí wọn sí nǹkan bí 1100. Ìbéèrè náà kò tíì kúrò nílẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Èsìẹ́ ti sọ tiwọn tipẹ́: àwa bá wọn níbẹ̀.

Nígbà tí Stevens fi ń kà wọ́n, ilẹ̀ ti mì lábẹ́ Nàìjíríà. Ní May 1967, Gowon, olórí ìjọba ológun, fọ́ ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Wọ́n yọ Ìlọrin àti Kabba kúrò lára Àríwá, wọ́n sọ wọ́n di ìpínlẹ̀ kan tó wá ń jẹ́ Kwara. Ẹni tí wọ́n fi ṣe gómìnà àkọ́kọ́ ni David Bámigbóyè, ọmọ Òmù-Àrán, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ohun tí ìgbìmọ̀ Willink kò lè fúnni ní 1958, ológun fi ìkéde alẹ́ ọjọ́ kan ṣe é, láti fi ṣẹ́ Ojukwu, gómìnà Ìlà-Oòrùn tó fẹ́ yapa, lọ́wọ́. Kì í ṣe nítorí Ìgbómìnà ni wọ́n ṣe dá Kwara sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ìgbómìnà jẹ nínú rẹ̀. Bámigbóyè ṣe gómìnà títí di 1975, ọdún tí Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀.

Lára àwọn tó ń darí ohun àtijọ́ ní Nàìjíríà náà, àyípadà dé. Ekpo Eyo di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka ohun àtijọ́ ní 1968. Ní 1979, òfin ológun nọ́ńbà 77 dá Àjọ Mùsíọ́ọ̀mù àti Ohun Ìrántí Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Èsìẹ́ sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn Eyo ni Adé Ọbáyẹmí, ọmọ Ìffẹ̀-Ìjùmú. Ẹ fetí sí èyí: Okun ni Ọbáyẹmí, Yorùbá Kabba tí wọ́n tì sí Àríwá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tì wá. Òun ló dojú ìtàn Yorùbá kọ apá ìhín, tó sọ pé kì í ṣe Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ nìkan ni ìtàn Yorùbá, pé àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní ilẹ̀ ọba ńlá ti wà, wọ́n sì ní ètò tiwọn kí àwọn ìjọba ńlá tó dìde. Ẹni tó bá dàgbà ní ẹ̀bá ìlà ló ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni èrò ìpìlẹ̀ ilé náà yí padà, láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Murray ní kí wọ́n ṣọ́ ère fún àwọn tó ni wọ́n. Àjọ tuntun ní ohun ìní orílẹ̀-èdè ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dára létí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwòrò bá fẹ́ bọ ère, tí ó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń bójú tó ilé náà, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn máa ń hàn.

Ọwọ́ olè

Ní àwọn ọdún 1990, olè wọ Èsìẹ́, wọ́n sì kó orí ère lọ. Orí ni wọ́n ń kó. Orí rọrùn gbé, orí ló sì níye lórí lójú àwọn tó ń rà á ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe Èsìẹ́ nìkan. Àwọn ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ń jí nǹkan ní Ifẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àjọ àwọn mùsíọ́ọ̀mù àgbáyé, ICOM, tẹ ìwé pupa jáde ní 2000 láti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ra àwọn ohun àtijọ́ Áfíríkà kan, ère òkúta Èsìẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ Nok àti ère Ifẹ̀. Ó jẹ́ ọlá tí èèyàn kò ní fẹ́.

Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ wọn kí kọ́kọ́rọ́ tó dé. Kọ́kọ́rọ́ dé, èèwọ̀ rọ. N kò sọ pé kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn kúrò o.

Ta ló kéré báyìí?

Kwara tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 kò gbórí kalẹ̀. Igala kúrò ní 1976. Okun kúrò ní 1991 nígbà tí Kogi dé. Ní 1996, Isin di ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, Ìgbómìnà Kwara sì wà ní mẹ́ta nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún: Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfẹ́lódùn àti Isin. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ Ìgbómìnà ń pe àwọn ti Kwara àti ti Ọ̀ṣun jọ. Ní Òmù-Àrán, yunifásítì kan ti dìde láti 2011, Landmark, tí ìjọ Bíṣọ́ọ̀bù Oyèdépò dá sílẹ̀. Ọmọ Òmù-Àrán ni Oyèdépò, oko sì ni iléèwé náà fi ṣe ìpìlẹ̀, bí ẹni pé Clarke ń gbọ́.

Ìwádìí náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀. Àrìbídésí Usman, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Arizona State, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìlú àhoro Ìgbómìnà, ògiri wọn àti ìkòkò wọn. Ìwé rẹ̀ The Yoruba Frontier jáde ní 2012. Fúnṣọ́ Afọláyan bá John Pemberton kọ̀wé lórí ọba Ìlá. Nínú iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí, ààlà 1900 kò ní agbára: ìkòkò tó fọ́ kò mọ̀ bóyá Kwara lòun wà tàbí Ọ̀ṣun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwa Ìgbómìnà kì í fẹ́ gbọ́. Nínú Kwara òní, a kì í ṣe àwọn tó kéré jù mọ́. Nupe wà ní Patigi àti Edu, Baruba wà ní Baruten. Ní Tada, lẹ́bàá odò Niger, àwọn Nupe ní ère bàbà kan tó jókòó, tó wà lára èyí tó dára jù tí wọ́n tíì dà ní Áfíríkà. Nígbà kan rí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ sódò, wọ́n á fi iyanrìn fọ̀ ọ́. Mùsíọ́ọ̀mù Èkó ni ère yẹn wà lónìí. Ẹnikẹ́ni kò gbé òrùlé lọ bá a. Nígbà tí a bá ń jó pé tiwa dúró nílé, ó yẹ kí a rántí pé ilé kan wà nínú ìpínlẹ̀ wa tí àpótí rẹ̀ ṣófo.

Ní April ọdọọdún, ọdún ère máa ń wáyé ní Èsìẹ́. Ìlù á dún ní àgbàlá mùsíọ́ọ̀mù, àwọn olùbọ̀ àti àwọn tó wá wòran á pọ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ lásán, àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń wá, tíṣà wọn á máa pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan. Ariwo tíṣà yẹn ni èèwọ̀ tó kù.

Ọjọ́ tí mo lọ kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Ìwé ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí àlejò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sí, ojú ìlà kan wà fún ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá. Àwọn ìyá méjì ló wà níwájú mi. Wọ́n jọ wọ mọ́tò kan náà wá ni, àbúrò ìyá àkọ́kọ́ ni ìkejì, ọkọ ló gbé àbúrò náà lọ sí Ìlá. Èkíní kọ Kwara. Èkejì gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó kọ Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ìwé náà, ó ní, "Ẹ ò rí i, wọ́n á máa rò pé a ò mọra." Wọ́n rẹ́rìn-ín wọlé lọ sọ́dọ̀ àwọn ère.